Mo ka gbogbo aṣọ tí mo rà lọ́dún 2024, ẹ wá bá mi wo ìwé yìí

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 ni mo ra ìwé ìkọ̀wé pẹlẹbẹ kan ní Mọ́níyà, mo kọ "AṢỌ" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, mo ní kò sí òwú tó máa wọlé mi tí n ò ní kọ sílẹ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní pé oṣù méjì tí màá fi gbàgbé. Mo kọ ọ́ dé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀pẹ. Kì í ṣe iye tí mo rà á nìkan ni mo kọ o, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá wọ aṣọ, mo máa ń fa igi kan síwájú rẹ̀. Àná ni mo wá jókòó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, oorun ò sì kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Aṣọ ẹbí méje ni mo rà: léèsì méjì, ọ̀kan ₦65,000, ìkejì ₦55,000, àǹkárá mẹ́ta tí àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦45,000, gínì kan ₦36,000, gèlè aṣọ òkè fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ₦35,000. Ìyẹn nìkan ti di ₦236,000. Owó télọ̀ jẹ́ ₦118,000, aṣọ ẹbí ló kó ₦96,000 nínú rẹ̀. Àwọn tó ń bá mi wé gèlè gba ₦3,000 lẹ́ẹ̀mẹfà, ₦18,000. Kaba méjì tí mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ₦27,000 (ọ̀kan ò kọjá èjìká mi, ẹni tó tà á kò gbé fóònù mi mọ́). Òkìríkà mọ́kànlá, ₦38,500. Bàtà àti báàgì, ₦46,500. Àwọ̀tẹ́lẹ̀, ₦14,000. Sípù, bọ́tìnnì àti àtúnṣe wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, ₦6,000.

₦504,000. Ìyẹn ₦42,000 lóṣù kan. Olùkọ́ sì ni mí.

Ẹ wá wo ibi tó ti dùn mí. Tí n bá kó aṣọ ẹbí, owó ìránṣọ rẹ̀ àti owó gèlè wíwé pọ̀, ₦350,000 ni. Nínú náírà mẹ́wàá, bíi méje ló bá òde lọ. Aṣọ tí mò ń wọ̀ síwájú àwọn ọmọ ilé ìwé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, òkìríkà ni. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan tí mo rà ní ₦3,500, igi 40 ló wà níwájú rẹ̀. Léèsì ₦65,000 tí télọ̀ tún gba ₦25,000 lórí rẹ̀, igi méjì péré. ₦45,000 fún ìwọ̀ kan! Léèsì kejì wà nínú ọ̀rá títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àwọn tó fi ṣègbéyàwó ti bímọ. Mo ti ra àǹkárá ìkómọ wọn, mo ti rán an, mo ti wọ̀ ọ́, léèsì ìgbéyàwó ṣì wà nínú ọ̀rá.

Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Owó Ò Dúró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí ìwé yìí o. Ó máa ní kí n kọ tèmi náà.

Télọ̀ Ọ̀jẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ, n ò tíì rí oníbàárà tó ń ka iye ìgbà tó wọ aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa télọ̀ kì í fẹ́ sọ fún yín: sitáì ló ń jẹ owó yín ju aṣọ lọ. Léèsì tí wọ́n gba ₦25,000 lórí rẹ̀ yẹn, n ò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kaba gígùn tó fún mọ́ni pinpin ni, tó ní líníìnì àti gọ́ọ̀mù stéè tó ń mú aṣọ le. Bí ara yín ṣe rí lọ́sẹ̀ tí wọ́n wọ̀n yín ni wọ́n gé e sí. Ẹ jẹ iyán bí ẹní jẹ iyán fún oṣù mẹ́ta, sípù ò ní gòkè mọ́. Bùbá àti ìró ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ró o. Tí ẹ bá sanra, ẹ dẹ̀ ẹ́, tí ẹ bá rù, ẹ fún un. Ohun tó fà á nìyẹn tí aṣọ tí ìyá yín rán nígbà tí ẹ ò tíì dáyé fi ń bá yín mu, tí kaba èṣí ò sì wọ̀ yín.

Tó bá jẹ́ kaba náà lẹ fẹ́, ẹ sọ fún télọ̀ yín kó tó gbé àlùmọ́gàjí pé kó fi ìka méjì sílẹ̀ nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gé e dànù kí inú aṣọ lè mọ́. Ẹ má gbà fún un. Ìka méjì yẹn lẹ ó tú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti èyí tó wà nínú ọ̀rá, ẹ má kánjú. Aṣọ tí àlùmọ́gàjí ò tíì kàn, ẹ ṣì lè tà á bí ẹ ṣe rà á, tàbí kí ẹ pàdánù díẹ̀. Tá a bá ti gé e pẹ́nrẹ́n, iye òkìríkà ni wọ́n máa pè é.

Kí n má gbàgbé: ẹ yé gbé aṣọ wá bá wa nínú oṣù kọkànlá. Owó iṣẹ́ ti ń gòkè nígbà náà, irọ́ wa náà ń gòkè. Tí télọ̀ bá ní "ó ti wà lórí máṣíìnì" nínú oṣù Ọ̀pẹ, aṣọ yín ṣì wà níbi tí ẹ gbé e sí. Ẹ wá nígbà òjò, nígbà tí à ń jókòó ta ayò.

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbé ibi tí ẹ wà yìí rí. Aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá ni mo rà lọ́dún 2022. Mẹ́rìnlá! Ọ̀kan nínú wọn, n ò mọ ọkọ, n ò mọ ìyàwó, ẹni tá a jọ ṣiṣẹ́ rí ló ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ni. Mo wọ aṣọ lọ jókòó láàárín àwọn tí n ò mọ̀, mo ń bá wọn ya fọ́tò.

Ìgbà yẹn ni mo ṣòfin. Ẹ̀jẹ̀ mi, àti ọ̀rẹ́ tó lè wọ yàrá mi láìkanlẹ̀kùn, mo máa rà á, mo máa rán an, n ò ní ráhùn. Ojúlùmọ̀ gidi tí kò tó bẹ́ẹ̀, mo máa ra gèlè nìkan, tàbí kí n bi wọ́n léèrè àwọ̀, kí n wá èyí tó jọ ọ́ nínú àpótí mi. Àwọn tó kù, ₦10,000 nínú àpòòwé. N ò tíì rí ẹni tó dá àpòòwé padà rí.

Ṣùgbọ́n ẹ tètè dáhùn o! Tí wọ́n bá ti fi yín sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ dákẹ́, wọ́n ti ka yáàdì yín mọ́ ọn, ìgbà tí wọ́n bá gbé e délé yín tán ni ojú á wá máa tì yín. Ẹ má fèsì nínú ẹgbẹ́ náà lójú gbogbo ayé. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó nìnáwó ní kọ̀rọ̀: "Ẹ kú oríire. Mi ò ní lè bá yín mú aṣọ, àmọ́ mò ń bọ̀, ọwọ́ mi ò sì ní ṣófo." Ó parí.

Owó Ò Dúró

Ó parí kẹ̀! Ẹni tí kò wọ aṣọ ẹbí l'Ékòó, ìrẹsì á máa kọjá níwájú ẹ̀ bíi mọ́tò tó ti kún.

Màmá Ìkirè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó da ìṣirò yín rú ni pé ẹ̀ ń ka aṣọ ẹbí mọ́ aṣọ. Nígbà tí ìyá mi di olóògbé lọ́dún 1998, èèyàn 84 ló mú àǹkárá tá a fi sin ín. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ wá, màá kọ́kọ́ wo ìwé. Tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí ti ìyá rẹ̀, n kì í bèèrè iye. Lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé mi, ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ gbé páànù wá? Àwọn inú ìwé yẹn ni. Ẹ ò lè rí ìyẹn nínú igi méjì tí ẹ fà síwájú léèsì.

Ìyá Ìbejì, ẹ yọ ₦350,000 yẹn kúrò lábẹ́ "aṣọ", ẹ kọ ọ́ sábẹ́ "ẹbí". Tí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ tán, ẹ wá bi ara yín pé ta ni ẹbí nínú wọn. Àbẹ̀kẹ́ ò jayò pa. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni tá a jọ ṣiṣẹ́ rí, ẹbí kọ́ nìyẹn.

Télọ̀ Ọ̀jẹ́ sì sọ òótọ́. Léèsì tí mo fi ṣègbéyàwó lọ́dún 1974, láti Ọ́stríà (Austria) ni wọ́n ti ń kó irú ẹ̀ wá nígbà náà, kì í ṣe Ṣáínà. Ìró àti bùbá ni. Ọmọ mi obìnrin gbé e wọ̀ lọ sí òde kan lọ́dún tó kọjá, gèlè nìkan ló rà sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í pé níbo ló ti rí i rà.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Mo kúnlẹ̀, Màmá. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Nínú méje, mẹ́rin ni mo lè wo ojú wọn kí n pè wọ́n ní ẹbí. Mẹ́ta tó kù, ilé méjì ló ni wọ́n: léèsì inú ọ̀rá àti àǹkárá ìkómọ (₦12,000) ti àwọn kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì; gínì jẹ́ ti ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦103,000 kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Ti gínì yẹn, mo mọ ohun tó mú mi rà á. Ìbẹ̀rù ni. Ọ̀gá náà ò tilẹ̀ dá mi mọ̀ lọ́jọ́ òde.

Alákàtangúà

Gbogbo yín ń bá aṣọ ẹbí jà, ẹ fi òkìríkà sílẹ̀. Èmi tí mò ń tà á ni kí n bi yín: mọ́kànlá tí ẹ rà yẹn, mélòó lẹ ń wọ̀?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Háà. Márùn-ún. Mẹ́fà tó kù ò ju igi kan, igi méjì lọ. Ẹ mà mú mi o.

Alákàtangúà

₦21,000 nìyẹn. Bó ṣe ń ṣe gbogbo oníbàárà mi nìyẹn, "ó mà pọ́ọ́kú" ló ń mú wọn gbé e. Ẹ wá sọ́jà pẹ̀lú ohun kan pàtó lọ́kàn: síkẹ́ẹ̀tì dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ máa lọ sílé. Tí ẹ bá rí i, ẹ na apá rẹ̀ sókè kí ẹ wo abẹ́ abíyá. Ẹ gbé e sójú oòrùn, ibi tó ti ń fà yóò hàn. Ẹ fa sípù lọ fà á bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bélì, ìyẹn ìdì ńlá tí wọ́n ń kó òkìríkà sí, àwọn tó ń tún un tà ló máa ń kọ́kọ́ ṣà á, owó tọjọ́ yẹn yàtọ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ iṣẹ́ lẹ̀ ń wá, ẹ lè dúró di ọjọ́ kejì. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí. Àwọ̀tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á lọ́wọ́ mi, mi ò lè parọ́ fún yín.

Kí ẹ sì má rò pé à ń rẹ́ yín jẹ. Ìjọba ò fàyè gba kíkó àlòkù aṣọ wọlé láti òkè òkun, Kútọnù ló ń bá wá, gbogbo wàhálà ojú ọ̀nà la máa ń ṣírò mọ́ ọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023 ni owó bélì ti ń le koko. Ohun tí mò ń tà ní ₦1,000 tẹ́lẹ̀ lẹ̀ ń rà ní ₦3,500 yìí.

Ìjẹ̀bú Ní Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Níbí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni, pọ́n-ùn la fi ń san án. Wọ́n á mú aṣọ ẹbí wá láti Èkó, owó tí wọ́n fi gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó aṣọ. Nígbà tó yá ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni, ká lọ sí Wentworth Street lẹ́bàá Liverpool Street, àǹkárá àti léèsì kún ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ara wa.

Mo ka tèmi náà lọ́dún tó kọjá. Kóòtù òtútù mẹ́rin! Ara kan, òtútù kan. Mo ta méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan lórí Vinted, ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù aṣọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wá gbé léèsì aṣọ ẹbí síbẹ̀, ó di oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bèèrè. Obìnrin kan kọ̀wé pé ṣé aṣọ fèrèsé ni.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni gèlè aláwọ̀ wúrà kan ṣoṣo. Kò sí àwọ̀ aṣọ ẹbí tí kò bá a lọ. Òun ni mo wé sí òde mẹ́fà, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé e lójú fídíò. Ẹ̀gbọ́n, ₦18,000 tí ẹ fún àwọn onígèlè yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ síí kọ́ ọ o. Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ má fọwọ́ kan aṣọ òkè nínú ọ̀rọ̀ yìí o! Ká ní ẹ mọ bí awunṣọ ṣe ń jókòó ti òfì láti òwúrọ̀, tó ń wun ún ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó wá tò ó pọ̀ di odidi. ₦35,000 kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọ̀ tí ìyàwó bá mú lásìkò yìí, ẹ ò ní lè lò ó mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ fọ́mọ, ẹ ra ẹtù tàbí sányán. Dúdú bí aró ti ẹtù àti àwọ̀ ilẹ̀ ti sányán kì í lọ lóde. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ sá a síbòji kí òógùn rẹ̀ gbẹ, ẹ ká a, ẹ fi káńfọ̀ sínú àpótí, àmọ́ ẹ fi bébà wé káńfọ̀ náà kó má baà kan aṣọ.

Bàbá Táyọ̀

Fún àwa tí a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀: mo lo àwọn àlẹ́ẹ̀tì báńkì tó wà lórí fóònù. Mo tún wọ WhatsApp, mo wo àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n fi mí sí. Gbogbo wọn ló lórúkọ òde lórí, ọjọ́ wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ọdún kan ti pé sórí bébà.

Ọkùnrin máa ń rò pé obìnrin ló ń nàwó aṣọ. Mo rí agbádá méjì, yáàdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, owó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀ ju owó aṣọ lọ. Fìlà márùn-ún. Orí kan ni mo ní. Ní báyìí, ₦5,000 ni mò ń dá lọ́dọ̀ alájọ lóṣooṣù fún aṣọ nìkan. Nígbà tí wọ́n bá gbé aṣọ wá, màá wo káàdì àjọ. Tí kò bá tó, mi ò sí ńlé.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ọlọ́run á bù kún yín gbogbo. Mo ti pín ìwé ọdún yìí sí méjì: "aṣọ" níwájú, "ẹbí" lẹ́yìn. Àjọ ₦10,000 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà nínú òkìríkà ti lọ bá àwọn ọmọ àbúrò mi. Aládùúgbò mi kan sì ní òun fẹ́ ra léèsì inú ọ̀rá ní ₦48,000, kí n wọ̀n ọ́n kóun rí i pé yáàdì márùn-ún ló pé. Ni èmi àti ọkọ mi bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, a fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, a tún un wọ̀n. Yáàdì mẹ́rin ààbọ̀ ni! Látọjọ́ tí mo ti sanwó yáàdì márùn-ún. Aládùúgbò ti sá lọ.

Télọ̀ Ọ̀jẹ́

Ẹ gbé e wá. Tí a bá dín apá bùbá kù díẹ̀, ìró máa yọ nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tètè wá o, òjò ò tíì dé, àmọ́ ọwọ́ mi dilẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.